URWAH ỌMỌ ZUBAYR ÀTI OÒGÙN OORUN

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tuntun. Ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣe wáàsí lórí sùúrù kí a má dárúkọ Urwah ọmọ Zubayr, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tí kò sì gbà kí wọ́n fún òun ní oògùn oorun. Ìtàn náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i ní Igbó-Ọrà níhìn-ín pé àwọn kan ń gbé e gba ibi tí kò yẹ. Dókítà yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n wá, kí a fi oògùn kùn wọ́n lóorun díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ wo inú ikùn wọn tàbí kí a la eéwo tí ó wà níbi kọ́lọ́fín, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Wọn a ní àwọn kò ṣe, pé Urwah kò gbà á. Wọn a sì padà sílé, àrùn a máa tẹ̀síwájú. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a lè mọ ohun tí ó kọ̀ àti ohun tí ó gbà.

Ìlú Mẹ́dínà ni wọ́n bí Urwah sí, ní nǹkan bí ọdún 23 Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 644 ti àwọn Òyìnbó. Ilé ńlá ni ó ti wá. Zubayr ọmọ Awwam, baba rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé mẹ́wàá tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fún ní ìró Àlùjánnà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Asmau ni ìyá rẹ̀, ọmọ Abu Bakr tí ó kọ́kọ́ jẹ Kàlífà. Aisha, ìyàwó Ànábì, sì jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó nílé baba tí ó sì nílé ìyá ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ayé kò rọrùn nígbà náà. Ní ọdún 36 Híjírà (656), àwọn Mùsùlùmí dojú ìjà kọ ara wọn nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Ràkúnmí. Àwọn onítàn sọ pé wọ́n dá Urwah padà lójú ọ̀nà nítorí pé ó kéré. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n pa baba rẹ̀. Wọ́n tún sọ pé lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn ọmọ baba rẹ̀ jókòó sí ìtòsí Káábà, oníkálukú sì sọ ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Abdullah ní ipò Kàlífà ni òun ń fẹ́. Musab ní kí òun jẹ olórí ilẹ̀ Ìráàkì. Urwah ní tirẹ̀ sọ pé kí ìmọ̀ ẹ̀sìn jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa gbà lọ́dọ̀ òun. Ọlọ́run fún oníkálukú ní tirẹ̀. Musab jẹ olórí Ìráàkì, wọ́n sì pa á sójú ogun. Abdullah jẹ Kàlífà ní Mẹ́kà, wọ́n sì pa á níbẹ̀ ní ọdún 73 Híjírà (692). Urwah nìkan ni ó fi orí ẹní kú.

Ẹsẹ̀ Aisha ni ó jókòó sí láti kọ́ ìmọ̀. Ohun tí ó gbà lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ pé bí ìyá náà bá kú, òun kò ní kábàámọ̀ hádíìsì kankan tí òun kò tíì gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ méje ti Mẹ́dínà tí gbogbo ìlú ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ìtàn ìgbésí ayé Ànábì jọ, ó sì kọ lẹ́tà lórí rẹ̀ sí Kàlífà Abdul-Malik nígbà tí ẹni náà béèrè. Ní ọjọ́ ogun Harrah, ọdún 63 Híjírà (683), ó jó àwọn ìwé òfin ẹ̀sìn tí ó ní, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Hisham ọmọ rẹ̀, àti Zuhri ọmọ ilé kéú rẹ̀, ni Ìmáámù Malik gba púpọ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà Malik yìí sì ni àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀. Nítorí náà Urwah kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ìmọ̀ tirẹ̀ wà nínú kéú tí a kọ́.

Ó kọ́ ilé kan sí àfonífojì Aqiq lẹ́yìn ìlú Mẹ́dínà, ó sì gbẹ́ kànga tí omi rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní. Bí àkókò dábínù bá dé, a máa wó ara ògiri ọgbà rẹ̀ kan kí àwọn ènìyàn lè wọlé wá jẹ, kí wọ́n sì dì lọ sílé. Ìdá mẹ́rin Àlùkùránì kan ni ó ń kà lójoojúmọ́, a sì tún fi í dìde lóru. Wọ́n ní kò pa á jẹ àfi ní òru tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe jẹ́? Nígbà tí Walid ọmọ Abdul-Malik di Kàlífà ní ọdún 86 Híjírà (705), Urwah jáde kúrò ní Mẹ́dínà láti lọ kí i ní ìlú Dàmásíkù. Nígbà tí wọ́n dé àfonífojì kan tí a ń pè ní Wadil-Kura, nǹkan ṣe é ní ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Kàlífà, ó ti di egbò tí ń jẹ ẹran ara, tí ń gun òkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ojúgun. Àwa ará Ìbàràpá mọ ohun tí ìrora ẹsẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà Ìdèrè àti Igbó-Ọrà tí sòbìà dá dùbúlẹ̀ láàárín oko, kí ó tó di pé ó tán nílẹ̀ wa tí àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013, wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. Ṣùgbọ́n ti Urwah ju sòbìà lọ. Walid pe àwọn oníṣègùn. Wọ́n wò ó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ náà, àrùn yóò gun gbogbo ara, yóò sì pa á.

Urwah gbà kí wọ́n gé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò kọjá nìyí. Kò ní kí wọ́n lọ, kí òun fi àdúà nìkan wò ó. Kò ní kí òun padà sí Mẹ́dínà lọ kú sílé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ohun mímu lọ̀ ọ́, kí ó má baà mọ ìrora. Ìwé kò sọ ọ́ bákan náà. Àwọn kan sọ pé ọtí ni, Urwah sì dáhùn pé òun kò ní fi ohun èèwọ̀ wá ìwòsàn Ọlọ́run. Àwọn kan sọ pé oògùn oorun ni, ó sì ní òun kò fẹ́ kí ọkàn òun kúrò níbi ìrántí Olúwa òun, tàbí pé òun kò fẹ́ pàdánù ẹ̀yà ara kan láìmọ ìrora rẹ̀, kí òun lè rí ẹ̀san rẹ̀. Wọ́n mú ayùn, wọ́n rẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó ń ṣe tàhlílì, kò sì kígbe. Nígbà tí wọ́n fi ojú egbò náà sínú òróró gbígbóná kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó dákú. Nígbà tí ó jí, ó ń nu òógùn ojú rẹ̀. Ó béèrè ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, ó yí i lọ́wọ́ wò, ó sì sọ pé Ọlọ́run mọ̀ pé òun kò fi í rìn lọ sí ibi ẹ̀ṣẹ̀ rí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi lọ́fínńdà sí i, wọ́n dì í ní aṣọ, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ àwọn Mùsùlùmí.

Nínú ìrìn-àjò kan náà, Muhammad ọmọ rẹ̀ wọ ilé ẹran Kàlífà, ẹran ta á nípàá, ó sì kú. Baba náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé nínú ọmọkùnrin méje, ọ̀kan ni ó mú, ó fi mẹ́fà sílẹ̀. Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan ni ó mú, ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Ó padà sí Mẹ́dínà, ó ń kọ́ ènìyàn ní kéú, ó sì tún lo bí ọdún mẹ́jọ láyé kí ó tó kú ní ọdún 94 Híjírà, nǹkan bí ọdún 713. Àwọn àgbà onímọ̀ Mẹ́dínà tí ó kú ní ọdún náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọdún àwọn onímọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún mẹ́jọ náà ni èrè ayùn. Bí ó bá kọ̀ kí wọ́n gé e, ibi tí ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí ni Dàmásíkù.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ kí a rí kọ́? Ohun tí Urwah kọ̀ jẹ́ ìpinnu tirẹ̀ lórí ara tirẹ̀. Kò sọ ọ́ di òfin fún ẹlòmíràn, kò sì sọ pé ẹni tí ó bá gba oògùn oorun ti dẹ́ṣẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ ọ̀nà Malik tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Qarafi, ẹni tí ó kú ní Íjíbítì ní ọdún 684 Híjírà (1285), pín ohun tí ó ń mú ọkàn lọ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ń pani bí ọtí, tí ń fúnni ní ayọ̀ èké, èyí tí ń da orí rú, àti èyí tí ń kunni lóorun. Ó ní òfin ọtí kò kan oògùn oorun. Ibn Farhun, ẹni tí ó ṣe adájọ́ ní Mẹ́dínà, ìlú Urwah fúnra rẹ̀, tí ó sì kú ní ọdún 799 Híjírà (1397), tilẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ó tọ́ kí a fún ẹni tí a fẹ́ gé ẹ̀yà ara rẹ̀ ní oògùn oorun mu, nítorí pé a lè bọ́ lọ́wọ́ ewu oògùn náà, ṣùgbọ́n ewu àrùn kò ṣeé fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ ayé àtijọ́ àti ti òní. Oògùn oorun ìgbà náà, ewé, gbòǹgbò àti oje igi ni, tí a ń fi ojú wọ̀n. Ẹni tí ó mu ún lè sùn kí ó má jí mọ́. Ní ọdún 1846 ni àwọn dókítà ní Boston, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi han gbogbo ayé pé èéfín oògùn tí wọ́n ń pè ní ether lè kun ènìyàn lóorun kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń gòkè. Lónìí, wọ́n ń wọn oògùn ní ìbámu pẹ̀lú ara ẹni, wọ́n ń gba ojú iṣan fún un, ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ èémí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìlù ọkàn aláìsàn lọ. Fún iṣẹ́ abẹ kékeré, oorun náà kì í wúwo, kì í sì í pẹ́. Àwa ní Igbó-Ọrà kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí àárín wa láti wá kọ́ṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì le jù, ọ̀nà UCH ní Ìbàdàn kò sọnù.

Ṣùgbọ́n kí oògùn tó lè ṣe rere, ẹni tí yóò gbà á ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èkíní ni ebi. Bí a bá ní kí ẹ má jẹun, ẹ má jẹun. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí a má jẹ oúnjẹ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, omi lásán nìkan ni a lè mu títí ó fi ku wákàtí méjì. Ohun tí dókítà yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí oorun bá kun ènìyàn, ọ̀nà ọ̀fun a dẹ̀. Àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasà tí ó wà níkùn lè gòkè wá, kí ó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tí ó jẹun tán tí ó purọ́ fún dókítà pé òun kò jẹ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Obì jíjẹ náà kà. Àwa tí a ń gba àwẹ̀ Rámàdáánì, kí ni yóò ṣòro fún wa níbẹ̀? Bí ọjọ́ iṣẹ́ náà bá sì bọ́ sínú Rámàdáánì, aláìsàn ní àǹfààní láti ṣínu kí ó sì san án padà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì ni òtítọ́. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, títí kan àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, nítorí àgbo mìíràn lè bá oògùn oorun jà. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée, ẹni tí ó lóyún, ẹni tí ó ń hanrun púpọ̀ lójú oorun, ẹni tí oògùn oorun ti yọ lẹ́nu rí, kí wọ́n sọ ọ́. Kí oníṣúgà béèrè bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí kò ní jẹun. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ yọ eyín àtọwọ́dá. Ẹ̀yin obìnrin, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré há ìka láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dà èékánná àti làálì dúdú lè dí i lójú, nítorí náà ẹ má fi lé èékánná ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni ìrun. Oorun oògùn ba àlùwàlá jẹ́, a ó ṣe òmíràn. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè àkókò, kí ẹ lè kí Aìlà kí wọ́n tó mú yín wọlé. Ìwé Risalah tí a kọ́ nílé kéú sọ pé aláìsàn tí ó ń bẹ̀rù pé ọkàn òun yóò lọ lè pa Aìlà pọ̀ mọ́ Alásàrí nígbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí, kí ó sì pa Màǹgàríbà pọ̀ mọ́ Ìṣáì nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ má sáré kírun nígbà tí ojú yín ṣì ń ṣú. Ọlọ́run kò fẹ́ kí a kírun nígbà tí a kò mọ ohun tí a ń wí. Ẹ jẹ́ kí ọkàn wálẹ̀, ẹ kí i lórí ìjókòó bí ìdúró bá ṣòro, kí ẹ sì san èyí tí ó bá lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí yóò bá yín lọ. Kí ó jẹ́ àgbàlagbà. Kí ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, nítorí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lè dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó má sì rántí ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí ó mú yín délé nínú ọkọ̀, kí ó sì bá yín sùn mọ́jú. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú oorun oògùn kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà láti Ìbàdàn wá sí Igbó-Ọrà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ mímu, kí ẹ tó jẹ oúnjẹ tí ó le. Kí orí máa fúyẹ́ tàbí kí èébì díẹ̀ gbé ènìyàn kò jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ẹni náà tí kò jí dáadáa, bí mímí bá ṣòro fún un, bí èébì kò bá dá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tàbí ara bá ń gbóná, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, tiyín wà níhìn-ín. Fún odindi ọjọ́ kan, ìyẹn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má gun alùpùpù, ẹ má dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ má fọwọ́ sí ìwé, ẹ má tajà àwìn. Ẹnu lè mú ṣáṣá kí ọpọlọ má tíì padà bọ̀ sípò. Òfin ẹ̀sìn wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọjà tí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe bá tà kì í ṣe ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí aya jókòó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kan kò lè ba òwò jẹ́.

Sùúrù Urwah kò sí nínú ayùn nìkan. Ó wà nínú bí ó ti gba ìmọ̀ràn ẹni tí ó mọ iṣẹ́, bí ó ti dúpẹ́ lórí ohun tí ó kù, àti bí ó ti padà sídìí kéú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fìwà jọ ọ́, kí ó má sá fún dókítà. Ìrora tí Ọlọ́run ti fi ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ hàn wá, kò sí ẹ̀san nínú kí a máa wá a kiri. Kí Ọlọ́run Ọba wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ àwọn oníṣègùn wa, kí ó sì kẹ́ Urwah ọmọ Zubayr. Àmín.